Ewé Sáíkàdì Mi Yọ Pupa, Ó sì Tún Di Àwọ̀ Ewéko: Ṣé Wọ́n Rẹ́ Mi Jẹ Ni?

Ìbéèrè: “Ẹ jọ̀wọ́, mo ra sáíkàdì kan, irú igi kan tó jọ ọ̀pẹ, nítorí àwòrán tí ẹni tó tà á fi hàn mí. Nínú àwòrán náà, ewé rẹ̀ pupa bí osùn. Ceratozamia ni orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára. Nígbà tó kọ́kọ́ yọ ewé lọ́dọ̀ mi, ó pọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ tó fi di àwọ̀ ewéko bíi ti gbogbo igi yòókù. Ẹnì kan ní kí n ri ìṣó tó ti dípẹtà mọ́ ìdí rẹ̀, ẹlòmíràn ní kí n gbé e sínú òòrùn gangan, ẹnì kẹta ní kí n máa gé ewé rẹ̀ kó lè máa yọ tuntun. Mo tún ní èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ọ̀pẹ ságò. Ewé tuntun tirẹ̀ yọ ní yẹ́lò, ó sì rún jọ, ẹni tó tà á ní bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni? Kí ni mo lè ṣe kí àwọ̀ pupa náà má lọ?”

Ẹ kú ìtọ́jú ọ̀gbìn o. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú lẹ́tà yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ dì wọ́n pọ̀, ìdáhùn wọn kò sì jọra. Ní ti Ceratozamia, igi tí wọ́n tà fún yín kì í ṣe ayédèrú. Ohun tó yẹ kí ewé rẹ̀ ṣe gan-an ló ṣe. Ohun tí ẹni tó tà á kò sọ fún yín ni pé ìgbà tí ewé ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ni wọ́n ya àwòrán yẹn, bí wọ́n bá sì tún un yà ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, kò ní yàtọ̀ sí ohun tí ẹ ń wò lọ́wọ́ báyìí. Ó yẹ kó sọ ọ́. Ní ti ọ̀pẹ ságò, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí, torí pé ewé tó yọ ní yẹ́lò tó sì rún jọ kì í ṣe ẹwà rárá. Ara igi náà kò dá, ẹni tó ní bó ṣe rí nìyẹn sì ṣì yín lọ́nà. Ìdààmú yín yé mi dáadáa. Ènìyàn fi owó ra ẹwà, ẹwà náà fara hàn, ó tún pòórá, olówó wá ń rò ó pé òun ni òun ṣe nǹkan kan tó lé e lọ. Ẹ̀yin kọ́ o.

Kí n kọ́kọ́ mú ohun kan kúrò lọ́nà. Sáíkàdì kì í ṣe ọ̀pẹ, bí a tilẹ̀ ń pe ọ̀kan nínú wọn bẹ́ẹ̀. Ọ̀pẹ a máa tanná kó tó so. Sáíkàdì kì í tanná rárá. Kóònù ló ń yọ, ìyẹn ohun onípẹ̀ẹ́ tí kóró ń wà nínú ti abo rẹ̀, bíi ti igi páínì. Akọ sáíkàdì dá dúró, abo rẹ̀ dá dúró, igi kan kì í ṣe méjèèjì. Ìran rẹ̀ ti wà láyé kí ewéko olódòdó kankan tó wà. Irú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ti fún ní orúkọ lé ní 350, ìdílé 10 ni wọ́n sì kó wọn sí, lára wọn ni Cycas, Zamia, Ceratozamia, Dioon, Macrozamia àti Encephalartos. Nítorí pé ọ̀pẹ ni àwọn ènìyàn kà á sí, wọ́n ń retí kí ewé máa yọ lórí rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Púpọ̀ nínú sáíkàdì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Igi á dákẹ́ fún oṣù púpọ̀, á máa kó oúnjẹ pamọ́ sínú ìdí rẹ̀ tó sanra, nígbà tí àkókò bá tó, á yọ odidi agbo ewé kan lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́dọ̀ Cycas àti Encephalartos, gbogbo ewé agbo náà á jọ dìde. Zamia àti Ceratozamia tó ṣì kéré lè yọ ẹyọ kan tàbí méjì péré. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ọ̀pọ̀ irú ń yọ ewé. Bí ilẹ̀ bá gbóná, tí omi àti oúnjẹ sì tó, òmíràn á ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí pé àwọ̀ tí ẹ ń wá kò sí níbòmíràn ju inú agbo ewé tuntun yẹn lọ.

Kí ló wá ń mú ewé tuntun pọ́n? Ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú kò tíì ní chlorophyll tó pọ̀, ìyẹn èròjà tó fún ewé ní àwọ̀ ewéko, tó sì ń fi ìmọ́lẹ̀ òòrùn se oúnjẹ fún igi. Bí ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ bá bà lé ewé tí kò tíì lè lò ó, ṣe ló máa ń pa á lára. Igi a wá po èròjà mìíràn sínú ewé náà, èyí tí wọ́n ń pè ní anthocyanin. Òun kan náà ló ń mú ọ̀pọ̀ èso pọ́n, tó sì ń fún òmíràn ní àwọ̀ àlùkò. Anthocyanin á gba lára ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù náà dúró títí ewé á fi gbó. Àwọn onímọ̀ kan tún sọ pé ó ń dáàbò bo ewé lọ́wọ́ kòkòrò, pé ewé pupa kì í jọ oúnjẹ lójú wọn. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí ìyẹn. Èyí tó jẹ mọ́ ìmọ́lẹ̀ ni mo gbára lé jù. Sáíkàdì nìkan kọ́ ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti wo igi máńgòrò tàbí igi kòkó nígbà tí ọ̀mùnú ń jáde lórí wọn ti rí ohun kan náà: ewé náà rọ̀ jọ̀jọ̀, ó dorí kodò, ó pọ́n, nígbà tó yá ó le, ó wá dúdú minimini.

Bí ewé bá ti ń le, chlorophyll á máa kún inú rẹ̀, igi á dáwọ́ pípo anthocyanin dúró, èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á sì máa tú ká díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni. Ooru a máa mú un yá, ojú ọjọ́ tó tutù a máa fà á gùn. Nítorí náà, kò sí ajílẹ̀, kò sí oògùn, kò sí omi kankan tí ẹ lè bù sí i tí ewé náà á fi dúró ní pupa. Bí ó bá tilẹ̀ ṣeé ṣe, mi ò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ ṣe é, torí pé ewé tó kọ̀ tí kò di àwọ̀ ewéko kò lè bọ́ igi tó bí i, ewé yìí kan náà sì ni sáíkàdì fẹ́ lò fún ọdún mélòó kan. Mo mọ̀ pé èyí kò dùn létí ẹni tó ra igi nítorí pupa. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ yín ni pé kí àkókò pupa náà máa padà wá, kó wá pẹ̀lú agbára, kí ẹ sì wà ní ibi tí ẹ ti lè rí i. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Èmi ò tíì rí ewé tó wù mí wò tó ewé Ceratozamia ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ tó ṣí, nígbà tó ń dán bí ẹni fi òróró pa á, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n mú ìmọ̀ràn mẹ́ta tí wọ́n fún yín. Ìṣó tó dípẹtà kò bá pupa ewé tan níbì kankan. Àwọ̀ ìpẹtà ti ara irin wá. Anthocyanin kò ní irin nínú. Irin tó wà nínú ìpẹtà pàápàá ṣòro fún gbòǹgbò láti fà mu. Bí ẹ bá ti rì í mọ́lẹ̀, ẹ hú u kúrò kó má baà gún yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ìkòkò. Ó tán.

Ti òòrùn gangan ní òótọ́ díẹ̀ nínú, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Òótọ́ ni pé ewé tó tú níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà máa ń pọ́n ju èyí tó tú nínú ibòji kíkún lọ. Bí ẹ bá gbé igi yín sí kọ̀rọ̀ ilé tó ṣókùnkùn, ewé tuntun á gùn lẹ́gẹlẹ̀gẹ, á tẹ̀ síhà fèrèsé, pupa rẹ̀ á sì rẹ̀. Àmọ́ inú igbó ni ọ̀pọ̀ Ceratozamia ti wá, ní Mẹ́síkò, Guatemala, Belize àti Honduras, ní ẹ̀gbẹ́ òkè àti etí àfonífojì, lábẹ́ igi tó ga jù wọ́n lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó ti gba àárín ewé mìíràn kọjá ni wọ́n mọ̀. Bí ẹ bá ti ibòji gbé e bọ́ sínú òòrùn ọ̀sán lẹ́ẹ̀kan náà, ara ewé á jóná, á ní àpá funfun tàbí àpá àwọ̀ ilẹ̀, àpá náà kò sì ní kúrò títí ewé á fi kú. Ibi tó dára jù ni ibi tí òòrùn àárọ̀ ti ń tó o, tí ibòji á sì bò ó kí ọ̀sán tó gbóná. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e kúrò níbi tó wà, ìgbà tí kò sí ewé tuntun lórí rẹ̀ ni kí ẹ gbé e, kí ẹ sì ṣe é díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ewé bá ń tú lọ́wọ́, ẹ má gbé e, ẹ má tilẹ̀ yí ìkòkò náà. Ewé tó rọ̀ máa ń kọjú sí ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá yí i, á tún yíjú padà, bó bá sì le ní lílọ́ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò wà.

Ìmọ̀ràn gígé ewé ló ń dùn mí jù, torí pé ó máa ń dà bí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́. Bí ènìyàn bá gé gbogbo ewé sáíkàdì tó lágbára, ó ṣeé ṣe kó yọ tuntun láìpẹ́, onígi á sì máa yọ̀ pé òun ti rí ọgbọ́n kan. Ṣùgbọ́n inú oúnjẹ tó ti kó pamọ́ sínú ìdí rẹ̀ ló ti yọ ewé náà. Ẹni tó ń gé ewé lọ́dọọdún ń ná owó tó wà nílé, ó sì tún ń ti ṣọ́ọ̀bù tó ń pa owó wọlé. Ewé kejì á kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ̀kẹta á kéré níye, pupa rẹ̀ pàápàá kò ní mọ́lẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Igi kékeré bíi tiyín lè jẹrà láti òkè wá. Òótọ́ ni pé àwọn tó ń hú sáíkàdì ńlá láti ilẹ̀ kan lọ sí òmíràn máa ń gé ewé rẹ̀, ṣùgbọ́n tiwọn ní ìdí: gbòǹgbò púpọ̀ ti já, igi náà kò lè fa omi tó ewé tó pọ̀ bẹ́ẹ̀. Igi yín jókòó sí ààyè rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ pé. Ewé tó ti gbẹ pátápátá nìkan ni kí ẹ gé. Ewé àtijọ́ tó ń di yẹ́lò díẹ̀díẹ̀ nígbà tí tuntun ń jáde, ẹ fi í sílẹ̀ títí tuntun á fi le, torí pé igi ń fa oúnjẹ kúrò lára rẹ̀ láti fi tọ́ àwọn àbúrò rẹ̀.

Ẹ óò rí i pé mi ò tíì sọ bí pupa ti igi yín yóò ṣe pọ̀ tó lọ́dún tó ń bọ̀. Kò sí ẹni tó lè fi lẹ́tà sọ ìyẹn. Ceratozamia jẹ́ orúkọ odidi ìdílé, kì í ṣe ti irú kan ṣoṣo. Òmíràn nínú wọn a máa yọ ní àwọ̀ bàbà, òmíràn ní àwọ̀ ilẹ̀, òmíràn a yọ ní pupa, òmíràn ní àwọ̀ ewéko láti ìbẹ̀rẹ̀. Kódà nínú irú kan ṣoṣo, igi kan kì í rí bíi kejì. Torí pé akọ ọ̀tọ̀, abo ọ̀tọ̀ ló ń bí kóró kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ tó ti inú kóònù kan ṣoṣo jáde lè yàtọ̀ síra ní àwọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Zamia skinneri àti àwọn ìbátan rẹ̀ ní Panama, tí ewé wọn fẹ̀, tí ìlà jíjìn sì wà lójú rẹ̀: òmíràn yọ pupa, òmíràn kò yọ pupa. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra sáíkàdì nítorí àwọ̀ ewé tuntun kò gbọ́dọ̀ ra orúkọ, igi gan-an ni kó rà. Kó béèrè pé, “Ṣé igi yìí gan-an lẹ yà ní àwòrán yìí, àbí ìyá rẹ̀?” Ó dára jù kó dúró de ìgbà tí ewé bá ń jáde, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọmọ fi lè jọ ìyá rẹ̀ láìyẹ̀ ni pé kí wọ́n yọ ọmọ tó hù ní ẹ̀gbẹ́ ìdí rẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ, kí wọ́n tó gbìn ín. Ceratozamia kì í sì í tètè bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ tí kì í ṣá ni ọkàn yín ń fẹ́, kì í ṣe ìdí ewé pupa ni kí ẹ ti wá a. Ẹ wo ìhà búlúù. Encephalartos horridus àti Encephalartos lehmannii, tí àwọn méjèèjì wá láti agbègbè Eastern Cape ní Gúúsù Áfíríkà, ní ewé tó jọ àwọ̀ aró tí wọ́n fi omi là. Cycas cairnsiana ti Queensland ní Ọsirélíà náà rí bẹ́ẹ̀, àti Macrozamia macdonnellii ti àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà. Búlúù yẹn kì í ṣe anthocyanin. Ìda fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni igi fi bo ojú ewé kí omi ara rẹ̀ má baà gbẹ lójú òòrùn, ìda náà ló sì ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bẹ́ẹ̀. Ó lè pẹ́ lára ewé ju pupa lọ fíìfíì, bí ènìyàn kò bá fi ọwọ́ pa á nù. Ẹni tó ń fi àkísà nu ewé búlúù kó lè dán ń nu ẹwà rẹ̀ kúrò ni, ewé náà kò sì ní po ìda mìíràn tó bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àwọn wọ̀nyí fẹ́ òòrùn gidi àti ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí. Nínú ibòji, búlúù wọn á di àwọ̀ ewéko lásán. Àwọn mìíràn tún wà tó jẹ́ pé irun ni ẹwà ewé tuntun wọn. Ti Dioon edule a máa yọ pẹ̀lú irun múlọ́múlọ́ bí àrán, ọ̀pẹ ságò yín náà a sì máa ní irun bẹ́ẹ̀ tí ara rẹ̀ bá dá. Zamia variegata ní tirẹ̀ ní àmì yẹ́lò tó fọ́n káàkiri ojú ewé láti ọ̀dọ̀ ẹ̀dá, kì í ṣe àìsàn.

Bí ẹ bá wá ti gbà pé àkókò pupa á máa wá á sì máa lọ, iṣẹ́ tó kù ni kí igi náà lágbára tó láti máa yọ agbo ewé tó dára. Ìdí rẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti ń bẹ̀rẹ̀. Omi tó dúró sí gbòǹgbò pa sáíkàdì ju ọ̀dá lọ. Ẹ má lo ilẹ̀dú nìkan. Ẹ po yanrìn tí kò kúnná tàbí òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ọn dáadáa, kí omi tí ẹ bá bù sí i lè jáde nísàlẹ̀ kíá. Ìkòkò tó jìn dára ju èyí tó fẹ̀ lọ, torí pé gbòǹgbò wọn ń lọ sísàlẹ̀. Bí ẹ bá tú u jáde tí ẹ rí gbòǹgbò kan tó ta ẹ̀ka kúkúrú jọ bí iyùn inú òkun nítòsí ojú ilẹ̀, ẹ má gé e pé àrùn ni. Inú rẹ̀ ni àwọn ohun alààyè tíntìntín kan ń gbé tí wọ́n ń mú náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ fún igi náà, igi sì ń fún wọn ní oúnjẹ. Ní ti ajílẹ̀, ẹ lo èyí tó ń tú díẹ̀díẹ̀, tí èròjà kéékèèké bíi máńgánísì àti magnísíọ̀mù sì wà nínú rẹ̀, kí ẹ fún un ní ìgbà ooru tó ń dàgbà, kí ẹ má fún un nígbà tó ń sinmi nínú òtútù. Bí ẹ bá rí i pé orí igi náà wú, tí àwọn ìpẹ́ àárín rẹ̀ ń tú sílẹ̀, ewé ń bọ̀ nìyẹn. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ má jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́ rárá, torí pé ewé tó rọ̀ tí omi wọ́n fún máa ń kúrú, ẹnu rẹ̀ a sì gbẹ. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ máa wo abẹ́ ewé lójoojúmọ́. Labalábá búlúù kékeré kan wà láti Éṣíà, Chilades pandava, tí ọmọ rẹ̀ máa ń jẹ ewé Cycas nígbà tó ṣì rọ̀, ó sì lè jẹ odidi agbo ewé tán kí ènìyàn tó mọ̀.

Ibi tí ẹ gbé igi sí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Bí ẹ bá dúró sí iwájú ewé pupa tí òòrùn wà lẹ́yìn yín, ojú ewé nìkan lẹ óò rí, á sì dà bí awọ. Ẹ gbé e sí ibi tí òòrùn àárọ̀ á ti gba ẹ̀yìn ewé wá bá yín, ẹ óò rí i bí àwọ̀ náà á ṣe tàn. Ẹni tó bá sì ní àyè fún irú mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kò burú kó yan àwọn tí àkókò ewé wọn kò pa pọ̀, kí òmíràn lè máa dé bí pupa kan bá ti ń lọ. Èmi máa ń kọ ọjọ́ tí igi kọ̀ọ̀kan yọ ewé sílẹ̀, ó sì ti jẹ́ kí n mọ ìgbà tí kò yẹ kí n kúrò nílé.

Ọ̀rọ̀ méjì kan kí n tó dé orí ọ̀pẹ ságò. Àkọ́kọ́, gbogbo ara sáíkàdì ló ní májèlé, kóró rẹ̀ ló sì burú jù. Ẹ̀dọ̀ ni májèlé náà, cycasin, máa ń bà jẹ́, ajá tó bá jẹ kóró ọ̀pẹ ságò lè kú. Bí ọmọdé tàbí ajá bá wà nílé, ẹ ká kóró kúrò kó tó já bọ́. Èkejì, àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES dáàbò bo gbogbo sáíkàdì. Ceratozamia àti Encephalartos wà ní ìpele tó le jù nínú rẹ̀, títí kan Encephalartos barteri tó ń hù láti Gánà dé Nàìjíríà. Wọn kò gbọ́dọ̀ gbé wọn kọjá ẹnubodè láìsí ìwé àṣẹ. Nítorí náà, ẹ béèrè ibi tí igi ti wá. Igi tí wọ́n gbìn láti kóró ni kí ẹ rà. Èyí tí wọ́n hú láti inú igbó, ìdí rẹ̀ sábà máa ń tóbi, á ní ọgbẹ́ àtijọ́, gbòǹgbò rẹ̀ á sì kéré. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn, bó ti wù kó wọ́n tàbí kó pọ̀ tó.

Wàyí o, ọ̀pẹ ságò yín. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni Cycas revoluta, gúúsù Jàpáànù ló sì ti wá. Ewé tuntun rẹ̀ kì í yọ ní yẹ́lò. Àwọ̀ ewéko tó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló yẹ kí ẹ rí. Èyí tó yọ ní yẹ́lò, tó rún jọ, tó kúrú, tí ẹnu rẹ̀ sì dà bí ohun tí iná rà, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ pé máńgánísì ló wọ́n ọn. Nígbà mìíràn máńgánísì wà nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹfun pọ̀ níbẹ̀ tàbí ilẹ̀ náà tutù tó sì kún fún omi, gbòǹgbò kò wá lè fà á. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí: wọ́n á lọ ra iyọ̀ Epsom, èyí tí magnísíọ̀mù wà nínú rẹ̀, nítorí pé orúkọ máńgánísì àti magnísíọ̀mù jọra. Magnísíọ̀mù tó wọ́n máa ń hàn lára ewé àtijọ́, etí ewé á di yẹ́lò, àárín rẹ̀ á ṣì dúdú. Máńgánísì tó wọ́n, ara ewé tuntun ló ti ń hàn. Ẹ wo èyí tí tiyín jọ kí ẹ tó náwó. Bó bá jẹ́ ewé tuntun bí ẹ ṣe kọ ọ́, ẹ ra manganese sulfate, kí ẹ wọ́n ọn sórí ilẹ̀ yí ìdí rẹ̀ ká ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára àpò rẹ̀, kí ẹ bomi rin ín.

Ẹ má retí kí ewé tó ti rún tẹ́lẹ̀ tún ara rẹ̀ ṣe; kò ní ṣe é. Ẹ fi í sílẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí àwọ̀ ewéko bá kù lára rẹ̀, torí pé òun náà ṣì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, agbo ewé tó ń bọ̀ ni ẹ óò fi mọ̀ bóyá ó ti ń gbádùn. Kí ẹ tó parí, ẹ yí ewé rẹ̀ dojú délẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun funfun kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni ta ọ̀dà sí i, kòkòrò Aulacaspis yasumatsui ni, ará Éṣíà tó dé Florida ní 1996, tó sì ti pa Cycas púpọ̀ káàkiri ayé. Ẹ gé ewé tó bò jù, ẹ sun ún, kí ẹ sì fọ́n òróró tí wọ́n ń tà fún pípa kòkòrò ara ọ̀gbìn sí èyí tó kù lábẹ́ àti lókè, kí ẹ tún un ṣe léraléra, torí pé ẹ̀ẹ̀kan kì í tó. Wọ́n tún máa ń sá pamọ́ sára gbòǹgbò. Bí kò bá sí kòkòrò, tí ẹ ti fún un ní máńgánísì, tí agbo ewé tó tẹ̀ lé e sì tún yọ ní yẹ́lò, ẹ tú u kúrò nínú ìkòkò kí ẹ wo gbòǹgbò rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó ti máa jẹrà, ajílẹ̀ kò sì lè ràn án lọ́wọ́ títí ẹ ó fi gé ibi tó rà kúrò, tí ẹ ó fi jẹ́ kí ọgbẹ́ náà gbẹ, tí ẹ ó sì gbìn ín sínú yanrìn tuntun.